Ẹrẹ̀ tó ti dì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ àlòkù: ṣé ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Toyota Corolla 2005 kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń fi í kó gbágùúdá láti oko lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn lọ sọ́jà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé wò. Ẹrẹ̀ pupa àti ọ́ìlì ti pò pọ̀, wọ́n ti gan bíi kọnkéré, ó nípọn tó ìka méjì níbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò, omi pọ́ńpù wọn kò ràn án. Ẹnìkan ní kí n fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ní kí n da omi bátìrì sí i. Mẹkáníìkì mi ní kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, pé ẹrẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo irin. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?"

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbà yín nímọ̀ràn, mẹkáníìkì yín nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè pa yín lára. Ṣùgbọ́n àbọ̀ òótọ́ ló sọ. Ọ́ìlì ló ń dáàbò bo irin, ẹrẹ̀ kọ́. Níbi tí ọ́ìlì bá ti kọ́kọ́ rin irin kí eruku tó bò ó, bí ẹ bá ha ibẹ̀, ẹ ó bá irin tó ń dán, tí kò ní ìpẹtà kankan. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa ń rí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì àti gíà nìyẹn, òun ló jẹ́ kí wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri. Ẹ kúrò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì wàyí, ẹ lọ sí inú fẹ́ńdà, etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àti ibi tí táyà ẹ̀yìn ń ta ẹrẹ̀ sí. Kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹrẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ lásán sì dà bí aṣọ tútù tí a wé mọ́ irin: òjò rọ̀ lónìí, ó mu omi, oòrùn ràn lọ́la, òde rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ṣì tutù. Ibẹ̀ ni irin ti ń dógùn-ún láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìdí kejì tún wà tí àwọn mẹkáníìkì kì í fi fẹ́ kí a fọ abẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó, bí wọn kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ jáde. Ọkọ̀ tí kò jo lánàá, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, oníbàárà á sì ní àwọn ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ti ń jo tipẹ́. Ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fa ọ́ìlì mu bíi kànìnkànìn, tí kò jẹ́ kó kán. Tiyín náà, ọ́ìlì tó pò mọ́ ẹrẹ̀ títí ó fi nípọn tó ìka méjì, ibì kan ló ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fọ̀ ọ́: kí ẹ lè rí ohun tí ẹ rà. Ẹwà kọ́ la ń wá, ta ni yóò dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrẹ̀ tó gan sínú rìímù táyà máa ń mú kí sitiárìn gbọ̀n bí ìrìn ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan, wọ́n á sì máa ta bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ táyà lè yí) fún yín láìnídìí. Èyí tó bá ní ọ́ìlì nínú tó wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sáláńsà, ìdáná ni.

Kí ló dé tí omi pọ́ńpù kò fi ràn án? Ilẹ̀ pupa Òkè-Ògùn yẹn, irin tó ti dípẹtà nínú ilẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ rẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ sì kúnná ju èlùbọ́ lọ. Bí ó bá tutù, gbogbo ihò ló ń wọ̀; bí ó bá gbẹ, hóró rẹ̀ á fún mọ́ra, á le koko. Ẹni tó bá mọ ilé amọ̀ mọ èyí. Òjò lè máa rọ̀ lu ògiri amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí ìdí ògiri kan náà mọ́jú, ó ti fẹ́ wó nìyẹn. Omi pọ́ńpù ni òjò tó ń lu ògiri. Ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 ni àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń lò lábẹ́ ọkọ̀, omi kò tíì wọ inú amọ̀ náà tó nǹkan kan tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Omi tó dúró ni ẹ nílò. Níbi tí ọ́ìlì bá sì ti wọ inú amọ̀, omi tó dúró pàápàá kò ní ràn án, nítorí ọ́ìlì ń lé omi sẹ́yìn. Ohun tó ń tú ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdọ̀tí tó wà níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ha èyí tó tó awẹ́ obì kan láti ibi mẹ́ta: abẹ́ ẹ́ńjìnnì, inú fẹ́ńdà iwájú, àti ìtòsí táyà ẹ̀yìn. Ẹ sọ wọ́n sínú ife omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó bá tú tó di ẹrẹ̀ sísàlẹ̀ ife, amọ̀ lásán ni, omi ni oògùn rẹ̀. Èyí tó bá wà bí ó ṣe wà, tí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè sì léfòó sójú omi, ọ́ìlì ló so ó pọ̀. Èyí tó dúdú bí èédú, tó ń fà bí ẹ bá fi aṣọ tó ní kẹrosíìnì nù ún, ọ̀dà ojú títì ni. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú, tó le bí òkúta, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i; bí ó bá hó, sìmẹ́ńtì ni. Ọkọ̀ àgbẹ̀ kì í sábà ní sìmẹ́ńtì lábẹ́, àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá ó ti fi kó búlọ́ọ̀kù rí.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi kọ àwọn ohun tí wọ́n ní kí ẹ lò. Bẹntiróòlù ń tú ọ́ìlì dáadáa, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n oru rẹ̀ ń gbéra fúnra rẹ̀ láìdúró de iná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń rìn, ó ń kóra jọ sábẹ́ ọkọ̀ tàbí sínú kòtò mẹkáníìkì níbi tí ẹ wà gan-an. Iná kékeré tó ta pàrà lórí bátìrì, tàbí irin tó kọlu irin, ti tó láti mú un gbiná. Ní ti omi bátìrì, kò tilẹ̀ ń tú ọ́ìlì. Irin ni ó ń jẹ, pẹ̀lú síńkì tí ilé-iṣẹ́ fi bo irin náà, á sì fara pamọ́ sí ojú oríkèé irin tí omi kò lè dé, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sùn. Ẹ rántí pé òkè yín ni ìdọ̀tí náà wà nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Ohun tí ẹ bá dà sí i, ojú yín ni yóò kán sí. Ẹ kò dárúkọ kọ́sítíìkì sódà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ mọ́tò yín ohun tó wà nínú ike rẹ̀, nítorí ó máa ń wà nínú ọṣẹ líle tí àwọn kan fi ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ó ń tú ìdọ̀tí kíákíá, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí idán, àmọ́ ó ń jẹ alumíníọ́mù, alumíníọ́mù sì ni ara ẹ́ńjìnnì àti ara gíà Corolla yín. Bí ẹ bá rí i tí ara gíà ṣú dúdú tàbí tó hu funfun lẹ́yìn fífọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kẹrosíìnì ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Bí ẹ bá fi kẹrosíìnì lásán fọ̀ ọ́, ọ́ìlì á tú, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí irin. Omi kò lè gbé e lọ, eruku ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún ń mú kí rọ́bà wú bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀. Ọṣẹ ni kí ẹ pò mọ́ ọn: líta kan kẹrosíìnì sí ife kan ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ìyẹn bíi ìdá kan nínú mẹ́rin líta. Ẹ gbọ̀n ọ́n nínú ike títí tí yóò fi funfun. Ọṣẹ yìí ni yóò di ọ́ìlì mú kí omi lè gbé e. Líta 3 tàbí 4 irú àpòpọ̀ yìí máa tó abẹ́ Corolla kan tó burú. Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn ìfọ-ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà, kò burú. Ẹ sáà rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ba alumíníọ́mù jẹ́, kí ẹ sì bomi là á bí ìwé ara rẹ̀ ṣe sọ. Lílò ó ní gidi láìbomi là á kò sọ pé kó ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti ṣe é ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ. Ọkọ̀ yìí kọjá tọ́ọ̀nù kan. Jáàkì tó wà nínú búùtù, pípààrọ̀ táyà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ, nítorí búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún un, lórí ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú, ni kí ẹ lò, ní ojú ibi tí etí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti nípọn fún jáàkì. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ lọ yá ibi tí wọ́n ti ń gun ọkọ̀ sókè lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni ẹ ó sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ní tèmi, èyí ló dára jù fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́. Owó rẹ̀ kò lè tó ti ilé ìwòsàn.

Kí ọkọ̀ ti wà ní pípa fún ó kéré tán wákàtí méjì, nítorí omi tútù lórí sáláńsà tàbí bíréèkì tó gbóná lè mú kó ṣán tàbí kó tẹ̀, kẹrosíìnì sì kò gbọ́dọ̀ bá ooru pàdé. Ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (−). Ẹ fi ọ̀rá wé ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) àti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ ike tó bo inú fẹ́ńdà àti èyí tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹyọ ike kéékèèké tó dè wọ́n mú ti gbó, púpọ̀ nínú wọn yóò ṣẹ́ lọ́wọ́ yín, torí náà ẹ ti ra bíi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀. Ẹ má ṣe yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí i tí ẹrẹ̀ tó kún garawa kan wà lẹ́yìn ike fẹ́ńdà nìkan. Kò sí omi pọ́ńpù tó lè dé ibẹ̀ láìyọ ike náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi jígí dáàbò bo ojú, ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò ní fẹ́ wọ̀ mọ́.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbẹ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é lódìkejì. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí kò le ju irin lọ ṣí àwọn gànbù ńláńlá: igi tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ọparun tí ẹ là, tàbí ike líle. Ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ rọra kàn án lórí, kó fò dànù. Ẹ má lo àdá tàbí ṣísẹ́ẹ̀lì. Páìpù bíréèkì àti páìpù epo jọ sáré lọ sẹ́yìn lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tínrín ni wọ́n, ẹrẹ̀ sì lè bò wọ́n tí ẹ kò fi ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Bákan náà, ọ̀dà bíi rọ́bà tí ilé-iṣẹ́ fi kun abẹ́ ọkọ̀ wà lábẹ́ ẹrẹ̀ náà. Bí ẹ bá ha á kúrò, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìpẹtà. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọ̀dà yẹn ṣì wà dáadáa. Irin ìhòòhò tó ti dípẹtà nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Lẹ́yìn náà, àgbègbè tó ní ọ́ìlì ló kàn, ó ṣì gbọ́dọ̀ wà ní gbígbẹ. Bí omi bá ti kan án, omi yóò dí ọ̀nà, kẹrosíìnì kò ní lè wọlé mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ògbólógbòó kun àpòpọ̀ náà sí i nípọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì oníke líle gbo ó. Omi gbígbóná, bíi ìwọ̀n 50 sí 60 °C, ni kí ẹ fi ṣàn án. Omi tó bá ń ṣàn sílẹ̀ tó funfun bíi wàrà ni àmì pé ọ́ìlì ń bá a lọ. Bí omi bá mọ́ tí ìdọ̀tí sì ṣì wà, ìyẹn ni pé òkè rẹ̀ nìkan ló ṣí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un ṣe. Ìdọ̀tí tó nípọn tó ìka méjì kò lè lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ẹ fọkàn sí. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló máa ń padà sídìí ásíìdì.

Nígbà tí ọ́ìlì bá ti lọ, ẹ wá dé orí amọ̀, ẹ jẹ́ kí omi dúró. Ẹ po ìkúnwọ́ méjì ọṣẹ ìyẹ̀fun sínú líta 10 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ rẹ àpò ìdọ̀họ sínú rẹ̀, kí ẹ wá ki àpò tútù náà mọ́ inú fẹ́ńdà àti gbogbo ibi tí ẹrẹ̀ ti nípọn, kí ẹ fi okùn dè é tàbí kí ẹ fi igi tì í. Ẹ máa bu omi sí i ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí méjì. Bí ó bá ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ mọ́jú, ó tún dára. Fún ilẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ́jú, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sára ọ̀pá rọ́bà omi kan, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀ kó máa fọ́n omi sókè fún bíi ìṣẹ́jú 40. Ní ìgbà òjò, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ yìí: ẹ wa ọkọ̀ nínú òjò fún wákàtí kan, kí ẹ wà á lọ sí ibi ìfọkọ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹrẹ̀ tó bá ti rọ̀ dénú, ìka lásán ló máa ṣí i.

Ìgbà yìí ni pọ́ńpù wúlò. Agbára 1,500 sí 2,000 psi ti tó, pẹ̀lú ẹnu tó ń fọ́n omi gbòòrò bí abẹ̀bẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí irin. Ẹnu tó ń ta omi bí ọfà kò dára níbikíbi lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà tó bo oríkèé ṣáfùtù (irin tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà), rọ́bà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, rọ́bà ìpẹ̀kun sitiárìn, bíárìnnì táyà, àti gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀. Omi tó bá fi agbára wọ inú rọ́bà ṣáfùtù kò ní jáde mọ́. Á fọ gíríìsì kúrò, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ ko-ko-ko bí ẹ bá ń yà. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sáláńsà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ni kí ẹ fi nù wọ́n. Ewé tínrín rédíétọ̀ àti ti ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀, omi ẹ̀rọ lásán láti ẹ̀yìn wá síwájú, láìsí agbára. Gíà náà ní ihò kékeré kan lókè tó fi ń mí. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ọ́ìlì gíà á di bíi tíì oníwàrà, ẹ ó sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ọ̀dà ojú títì, aṣọ tó rin fún kẹrosíìnì tàbí epo dísù, tí ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tú u. Sìmẹ́ńtì ò lóògùn tó dára. Òòlù kékeré àti sùúrù ni. Èyí tí kò bá ṣí lára irin tó nípọn, ẹ fi í sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ má da omi ọlọ́ìlì yìí sí ìtòsí kànga tàbí gọ́tà tó lọ sódò. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú igi láti sómìílì sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kó fa ọ́ìlì mu, kí ẹ gbá a sínú àpò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ọ̀rá tí ẹ wé kúrò, tí ẹ sì ti dá ike, orí bátìrì àti táyà padà, ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí kò sí èrò, kí ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kó gbẹ. Bí kẹrosíìnì bá ta sí dísíìkì bíréèkì, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ lè máa gbọ́ ìró kín-ín-kín-ín níbi àwọn rọ́bà búṣì fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń lọ. Bí kò bá lọ, rọ́bà náà ti gbó tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí ló ń gbé e dúró. Ẹ má tú ọ́ìlì sí i.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí ẹ rà. Corolla 2005 tó wọlé láti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ti lè lo ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù lórí títì tí wọ́n da iyọ̀ sí kí yìnyín lè yọ́, pàápàá bí ó bá ti ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Ohio tàbí New York wá. Iyọ̀ yẹn ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà tí ilẹ̀ pupa wa wá parí. Ẹ wo irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ irin mọ́ra, ibi tí jáàkì ń gbé, àti páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìpẹtà tó kàn ní àwọ̀ lásán kì í ṣe ìṣòro. Èyí tó ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo igi, ẹ fi orí sìkúrù-díráfà tì í dáadáa. Bí ó bá le, ó ṣì dára. Bí ó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fífọ̀, wẹ́dà ni yóò gé e tí yóò fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ tàbí páìpù bíréèkì, ẹ má wà á kó tó di pé wọ́n tún un ṣe. Àwọn ihò kékeré wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ etí ọkọ̀ tí omi ń gbà jáde. Amọ̀ sábà máa ń dí wọn. Wáyà tínrín ni kí ẹ fi là wọ́n, ẹ ó sì rí omi ọdún tó kọjá tí yóò dà jáde níbẹ̀.

Fún ibi tó ń jo, ẹ wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kó pé, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi kìlómítà 50, kí ẹ padà wò ó. Ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ìrìn sì ń gbé e sẹ́yìn, torí náà ibi tó ga jù tó sì wà níwájú jù nínú ibi tó tutù ni orísun rẹ̀. Bí kò bá hàn, ẹ fọ́n pàúdà ọmọdé sí i kí ẹ tún wà á díẹ̀. Ipa ọ́ìlì á fa ìlà sínú funfun náà. Ẹ́ńjìnnì Corolla ti ọdún yẹn sábà máa ń jo níbi gásíkẹ́ẹ̀tì tó bo orí rẹ̀, àti níbi rọ́bà róbótó kékeré kan tó wà lára ohun tó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnnì le. Rọ́bà yẹn kì í gbówó lórí, àmọ́ òun nìkan lè sọ ìdajì abẹ́ ọkọ̀ di irú ohun tí ẹ bá.

Ẹnìkan máa sọ fún yín pé kí ẹ wá fọ́n ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù sí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kó má baà dípẹtà. Lóòótọ́ ó ń dá ìpẹtà dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó ń kán sí bíréèkì, eruku ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ló sì máa dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà dúdú onírọ́bà tí wọ́n ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ dára bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó sì burú ju ẹrẹ̀ lọ bí wọ́n bá fọ́n ọn sórí ọ̀rinrin tàbí ìpẹtà, nítorí ó ń há omi mọ́nú. Àwọn olùtajà kan mọ èyí dáadáa. Abẹ́ ọkọ̀ àlòkù tó dúdú dán gbinrin lọ́jọ́ títà yẹ kó fu yín lára ju èyí tó ní ẹrẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibi tó dípẹtà nìkan, ẹ kun ún pẹ̀lú oògùn tó ń pa ìpẹtà, ẹ fi rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì (ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sí irin) lé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó kan ọ̀dà dúdú. Kò gbọ́dọ̀ dé sáláńsà, bíréèkì, ṣáfùtù tàbí àwọn ihò omi. Àmọ́ bí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ bá ṣì wà lórí ìdá tó pọ̀ jù, tí ẹ sì ń gbé Ìṣẹ́yìn, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ òkun, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi náwó lé e. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kkí tàbí Bàdágírì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn ibì kan wà tí fífọ̀ kò lè dé. Inú irin oníhò tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ lè wà níbẹ̀ tí ẹ kò ní rí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹ̀yìn sókè ní ọjọ́ kejì tí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tutù, omi yẹn gba ihò kan wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì láti abẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fún wẹ́dà.